Àbẹ̀wò sí Sàró: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìlú tí Ogun Jà tí Ó sì Tún Dìde

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkokomáíkò, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìrìn-àjò. Kì í ṣe ti Háájì tàbí Úmúrà, nítorí a ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn tó. Èyí tí a ní lọ́kàn ni pé kí ènìyàn gbéra lọ sí orílẹ̀-èdè aláwọ̀dúdú bíi tiwa, tí ojú rẹ̀ ti rí màbo, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ tò. Irú wọn pọ̀ ní Áfíríkà: Rùwáńdà wà níbẹ̀, Làìbéríà wà níbẹ̀. Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ni a mú. Ibẹ̀ ni àwa àti àwọn olùkọ́ ilé-kéú mélòó kan lọ, tí a lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rò lọ.

Nínú Súrà Ar-Rūm, Ọlọ́hun pàṣẹ kí àwọn ènìyàn rìn lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ti lọ ṣáájú ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka èdè Lárúbáwá díẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a lò níbẹ̀ fún wíwò kì í ṣe ti ojú nìkan. Òun náà ni àwọn onímọ̀ wa ń lò nígbà tí ènìyàn bá fi làákàyè yẹ ọ̀rọ̀ wò tinú-tẹ̀yìn. Ewúrẹ́ náà ń fojú wo ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn arìnrìn-àjò ayé òde òní, fóònù ni wọ́n fi ń wo ìlú, nígbà tí wọ́n bá sì padà dé, fóònù náà ló rìnrìn-àjò, kì í ṣe àwọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti tún ṣe kí a tó lọ síwájú. Nígbà tí Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ń lọ sí Tàbúúkù ní ọdún kẹsàn-án Híjírà, ó gba Al-Hijr kọjá, ilẹ̀ àwọn ìran Thamūd tí Ọlọ́hun pa run. Ó kìlọ̀ fún àwọn Sàhábà pé kí wọ́n má ṣe wọ ilé àwọn ènìyàn náà àfi tí wọ́n bá ń sunkún. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù kan tí wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ìlú tí ìyà bá ti jẹ, Ọlọ́hun ló fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́. Èyí kò tọ̀nà. Àwọn Thamūd ni wọ́n ṣe ìkà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n gé lọ́wọ́ ní Freetown kò ṣe ìkà kankan, òun ni wọ́n ṣe ìkà sí. Ohun kan ṣoṣo ni ilẹ̀ méjèèjì fi jọra: a kì í fi wọ́n ṣe ibi ìran wíwò.

Kí ló wá pa àwa àti Sàró pọ̀? Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìyánà-Ìbà tó ń lọ sí Àgbádárìgì ń lọ síbi tí apá kan nínú ìtàn Mùsùlùmí Èkó ti gúnlẹ̀. Ní ọdún 1844, ìdílé kan ti Sàró dé síbẹ̀. Salu ni orúkọ bàbá, òun ló ti ń ṣe lẹ́mọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Fourah Bay, ní Freetown. Muhammad Shitta ni orúkọ ọmọ, tí wọ́n bí ní Waterloo, ìlú kan tí kò jìnnà sí Freetown. Ọmọ yìí kó lọ sí Èkó ní 1853, ó di oníṣòwò ńlá, ó sì kọ́ mọ́sáláṣí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje, ọdún 1894. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tó wà ní òpópónà Martins nìyẹn. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ló fi oyè Bey dá a lọ́lá.

Báwo wá ni Yorùbá ṣe dé Sàró? Nígbà tí Òwu fọ́, tí Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí àwa fúnra wa ń kó ara wa tà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń lé ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Èyí tí wọ́n bá mú, Freetown ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wà lára wọn. Mùsùlùmí sì wà lára wọn, púpọ̀ díẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀ lọ́sàn-án, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, wọ́n bá sọ wọ́n ní Aku. Ìkíni ló di orúkọ ẹ̀yà.

Kò rọrùn fún àwọn Aku tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ìjọba ìgbà náà fẹ́ kí gbogbo àwọn tí a tú sílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1832, àwọn kan fi Waterloo sílẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Cobolo, ìjọba sì rán ọmọ ogun tọ̀ wọ́n. Ní 1839, wọ́n ba mọ́sáláṣí Fourah Bay jẹ́. Wọ́n tún un kọ́. A kírun níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Èdè Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wọn, Kírìó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pe ìsọmọlórúkọ ní komojade, wọ́n ṣì ń pe sàráà tí wọ́n ń sè fún ẹbí àti ará àdúgbò ní awujoh. Ìkíni wọn, kushe, jọ ẹ kúṣẹ́ wa. Ìyá àgbàlagbà kan bi wá léèrè ìlú tí a ti wá. A ní Èkó. Ó ní, “Ha, ilé!” ó sì lọ bu omi wá fún wa. Kò dé Èkó rí láyé rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí a wá sọ ti ogun.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ọdún 1991, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF, tí Foday Sankoh jẹ́ olórí wọn, gba ilẹ̀ Làìbéríà wọ Bomaru ní agbègbè Kailahun. Ogun náà kò parí títí di ọjọ́ 18 oṣù kìíní, ọdún 2002, nígbà tí Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah kéde ní Lungi pé ó ti tán, tí wọ́n sì dáná sun òkìtì ìbọn. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ pé ó kú ni 50,000. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì, ìyẹn nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà ìdìbò 1996, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń gé ọwọ́ àwọn ènìyàn, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ka. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní, ọdún 1999, wọ́n wọ Freetown fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, nígbà tí wọ́n ń lé wọn jáde, wọ́n wọ Mọ́sáláṣí Rogbalan ní Kissy, níbi tí àwọn ènìyàn sá pamọ́ sí, wọ́n sì pa ènìyàn 66. Mùsùlùmí wà láàárín àwọn apani, Mùsùlùmí wà láàárín àwọn tí wọ́n pa. Kìrìsìtẹ́nì bẹ́ẹ̀ náà. Kì í ṣe ogun ẹ̀sìn rárá.

A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìwà ìkà náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣáá, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a wádìí ni ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé dáyámọ́ńdì ni, bóyá nítorí fíìmù tí wọ́n ti wò. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbé Àjọ Òtítọ́ àti Ìlàjà kalẹ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Humper jẹ́ alága rẹ̀. Àjọ náà gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ènìyàn tó lé ní 7,000, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2004. Ohun tí wọ́n rí ni pé dáyámọ́ńdì bu epo síná, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dáná. Ọdún pípẹ́ tí ìjọba fi hùwà ìbàjẹ́, tí àwọn aláṣẹ ń jẹ nìkan, tí àwọn ọ̀dọ́ kò rí iléèwé, kò rí iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe jí, ló gbẹ́ kòtò náà. Nígbà tí Sankoh dé, ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kù, ó fi ipá kó wọn. Nǹkan bí ọmọdé 10,000 ni wọ́n fi jagun náà, wọ́n ń fún wọn ní oògùn olóró kí ojú wọn lè le.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó bá gba abẹ́ afárá Ìyánà-Ìbà kọjá lálẹ́ mọ irú àwọn ọmọ tó máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní Òkokomáíkò mọ òru tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ń lé ara wọn, tí ìyá á fi àga ti ìlẹ̀kùn. A kò sọ pé ogun ń bọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ọmọ Freetown àti ti Kailahun kò yàtọ̀ sí ti àdúgbò wa. Ọmọ ilé-kéú wà nínú àwọn tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́.

Ní báyìí, a dé ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà gan-an. Nínú Súrà Al-Hujurāt, áyà kẹsàn-án, Ọlọ́hun kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí ìjọ onígbàgbọ́ méjì bá ń bá ara wọn jà. A mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni áyà náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nínú rẹ̀, kò sí aláròjinlẹ̀ tí kò ní rí i pé ó bá ibi gbogbo mu. Àkọ́kọ́, kí a làjà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí ó ń ré kọjá ààlà, kí a gbógun ti èyí tó ń ṣe àbòsí náà títí yóò fi padà sí àṣẹ Ọlọ́hun. Bí ó bá padà, kí a tún làjà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ní ìgbà àkọ́kọ́, ìlàjà nìkan ni Ọlọ́hun mẹ́nu bà. Ní ìgbà kejì, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, Ó fi déédéé kún un. Kí ni ìdí rẹ̀? Àwọn olùtúmọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní òye tiwa, ìgbà yẹn gan-an ni àárẹ̀ máa ń mú àwọn onílàjà, tí wọ́n á ní kí ọ̀rọ̀ náà ṣáà tán, kí olúkúlùkù máa lọ ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́ ni ó sì máa ń jẹ gbèsè àlàáfíà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní Lomé, olú-ìlú Tógò. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ọdún 1999, Kabbah àti Sankoh fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Wọ́n dárí ji gbogbo àwọn ọlọ̀tẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fi Sankoh jẹ alága àjọ tó ń bójú tó ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ náà, pẹ̀lú ipò igbákejì ààrẹ. Ẹni tó dáná sun ilé ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ àká. A kò bú Kabbah: ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba alágbádá ní oṣù karùn-ún ọdún náà sì fẹ́ kó àwọn ṣọ́jà rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún kan tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi mú nǹkan bí 500 ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbèkùn, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Nígbà tí àwọn ará ìlú sì wọ́de lọ sí ilé Sankoh, wọ́n yìnbọn lù wọ́n. Inú oṣù náà ni wọ́n mú un.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé Ilé-ẹjọ́ Àkànṣe fún Sierra Leone kalẹ̀ ní 2002. Àforíjì Lomé kò dí i lọ́wọ́, nítorí pé aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ìfọwọ́sí pé àwọn kò gbà pé ó kan irú ìwà ọ̀daràn tó burú jù lọ. Ẹni mẹ́sàn-án ni ilé-ẹjọ́ náà dá lẹ́bi. Charles Taylor tó ti jẹ ààrẹ Làìbéríà wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ni wọ́n dá fún un ní 2012. Sankoh kú sí àtìmọ́lé ní 2003 kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí. Ohun tó wú wa lórí ni pé wọ́n kò yọ àwọn tó jà fún ìjọba sílẹ̀. Méjì nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ ọdẹ Kamajor jẹ̀bi pẹ̀lú, bí inú ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tilẹ̀ dùn sí i. Déédéé tó jẹ́ pé ọ̀tá nìkan ló ń kàn, ẹ̀san ni.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín nínú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ yìí, àwọn ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ máa ń jí ọmọbìnrin gbé lọ sínú igbó, wọ́n á sì máa pè é ní ìyàwó. Ní 2008 àti 2009, ilé-ẹjọ́ náà dá a láre pé fífi tipátipá sọ ènìyàn di ìyàwó jẹ́ ọ̀ràn lọ́tọ̀, ọ̀ràn sí gbogbo ọmọ ènìyàn. Àwọn kan rò pé òye tuntun ni èyí. Nígbà ayé Ànábì, bàbá kan fi ọmọ rẹ̀ Khansā’ bint Khidhām fọ́kọ láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ. Khansā’ gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì, Ànábì sì tú yìgì náà ká. Bí bàbá tó bíni kò bá lè fi ipá so yìgì, kí ni ti ẹni tó gbé ìbọn dání? Ohun tí kò sí ìjọ̀wọ́ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe bá wọn pè é ní ìgbéyàwó, ìbáà jẹ́ ní igbó Kailahun, ìbáà jẹ́ lẹ́yìnkùlé wa níbí. Àwọn aṣòfin Sierra Leone fi òfin de fífi ọmọdé fọ́kọ ní 2024.

Ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe àlejò lásán ní Freetown. Ọ̀jọ́ wa yìí, ìlú bárékè ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ bí orúkọ ECOMOG ṣe ń dún ní àwọn ọdún náà. Nàìjíríà ló kó ọmọ ogun àti owó jù lọ sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ECOMOG ló lé àwọn tó dìtẹ̀ gbàjọba kúrò ní Freetown ní oṣù kejì ọdún 1998, àwọn náà ló tún gba ìlú náà padà ní 1999. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wà nílẹ̀ ibẹ̀. Awakọ̀ kan kò gba owó lọ́wọ́ wa nígbà tó gbọ́ ibi tí a ti wá. Ẹlòmíràn gbọ́, ó sì dákẹ́ lọ títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà nídìí. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ènìyàn àti Àjọ Òtítọ́ àti Ìlàjà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 1999, àwọn ṣọ́jà ECOMOG kan pa àwọn tí wọ́n fura sí pé ọlọ̀tẹ̀ ni, láìsí ẹjọ́. Bí a bá fẹ́ gba ìyìn, a kò lè kọ èkejì sílẹ̀. Ọlọ́hun kò ní kí a ṣe déédéé fún ẹni tí a fẹ́ràn nìkan.

Ṣé wọ́n ti wá tún ìlú náà ṣe? A rí ilé tuntun, a rí ọ̀nà, a rí ọjà tó kún. A tún rí omi tí kò yọ àti iná tó ń ṣẹ́jú, nípa èyí tí ará Ìbà kò ní láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan lára wa ń kùn pé ó ti lé ní ogun ọdún tí ogun parí, kí ló ń pẹ́ wọn? Ọ̀kan nínú wa ní kí wọ́n rántí pé ọ̀nà Àgbádárìgì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún ṣe ní 2009, kò sí ogun kankan tó jà níbẹ̀. Ẹnu wọn pa mọ́. Ti Sàró sì ṣòro ju ti ọ̀nà lọ: àrùn Ẹ̀bólà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2014 pa ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000, òkè sì ya lu àwọn ènìyàn ní Regent ní oṣù kẹjọ 2017, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000.

Ohun tí a fi ojú làákàyè wò jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀. Láti 1997 ni àwọn lẹ́mọ́mù àti àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ti dá Ìgbìmọ̀ Àwọn Ẹlẹ́sìn sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n wọ inú igbó lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ìjọba kò lè dé ibẹ̀, tí wọ́n sì gba àwọn ọmọdé kan padà. Ní 2008, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Fambul Tok, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹbí, bẹ̀rẹ̀ ní Kailahun níbi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. John Caulker ló dá a sílẹ̀. Abúlé á kó igi jọ, wọ́n á dáná lálẹ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ á dìde sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ á dìde jẹ́wọ́, á tọrọ àforíjì níṣojú gbogbo ayé. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń ta ohun mímu sílẹ̀ fún àwọn òkú nínú ètò yìí, a kò fọwọ́ sí ìyẹn, ìsìn wa kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé “èmi ni mo ṣe é”, kí ó sì máa gbé abúlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀, a kò mọ iye wa ní Ọ̀jọ́ tó lè ṣe é lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lásán.

Ibi tó ṣì kù sí ni ti àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ gé lẹ́sẹ̀. Àwọn tó kó ìbọn sílẹ̀ lé ní 70,000. Wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wọn níṣẹ́, wọ́n fún wọn lówó ìpadàsílé, kí wọ́n má bàa padà sí igbó. Ẹni tí kò lọ́wọ́ kò lè halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí owó ìtanràn wá kàn wọ́n ní nǹkan bí ọdún 2009, 300,000 leone ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ gbà, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 100 dọ́là nígbà náà. Àwọn kan nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù létí òkun Lumley: ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí ọ̀pá méjì ni àwọn tó ń sáré, ọlọ́wọ́ kan ló ń ṣọ́lé. Wọ́n ń gbá a kíkankíkan, wọ́n sì ń bá rẹfirí jà bí gbogbo agbábọ́ọ̀lù.

Ní àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n kọ́ ilé fún wọn, ọkùnrin kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, kò ní ọwọ́ méjèèjì. Ẹnìkan nínú wa yọ fóònù jáde. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn ní, “Ẹ ò tíì kí mi.” A kí i. Ó dáhùn, ó bèèrè orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a jókòó, ó pe ọmọ rẹ̀ kí ó gbé bẹ́ǹṣì wá. Ọ̀rọ̀ iléèwé ọmọ náà ló bá wa sọ, pé láti 2018 tí ìjọba ti ní àwọn ọmọ kò ní sanwó iléèwé mọ́, ó ti wọlé; kò sọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀, a kò sì bèèrè. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù báyìí ni oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní kush. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Julius Maada Bio kéde rẹ̀ ní ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. A rí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó sùn lórí ìdúró. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ fún wa pé ojú yẹn kò ṣàjèjì sí àwọn. Nígbà ogun, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó gbé ìbọn máa ń ní. Àwọn tó ń mu kólórádò ní Òkokomáíkò, ẹ ń rí tiwọn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ọmọ ECOWAS ni wá, nítorí náà ẹ kò nílò físà bí ẹ kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ. Páásípọ̀tì àti káàdì yẹ́lò tí a ń fún ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí ẹ tọ́jú. Lungi ni bàálù ń balẹ̀ sí, omi sì wà láàárín rẹ̀ àti Freetown, ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ó wọ̀. Ẹ mú Kùránì àti ìwé Lárúbáwá dání fún àwọn ilé-kéú ibẹ̀, nítorí wọ́n ń wá a. Bí ẹ bá dé Fourah Bay, ẹ kí wọn ní “ẹ kú ilé”, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí wọn yóò fi dáhùn. Ní oṣù tó ń bọ̀, in shā’ Allāh, a ó mú ìtàn Cobolo ọdún 1832 àti ẹjọ́ tí wọ́n bá àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ṣe lẹ́yìn rẹ̀.